Bí Òjò Bá Ká Yín Mọ́ Ifẹ̀ Lọ́jọ́ Kan Ṣoṣo: Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Ra Nǹkan Gidi Lọ Sílé

Àǹtí mi kan wà ní Amẹ́ríkà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, àwọn gan-an ni wọ́n jẹ́ kí n ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá táwọn òyìnbó fi ń gbafẹ́ yẹn, èyí tó máa ń ti èbúté kan dé òmíràn, ó gbé wọn dé Nassau ní Bahamas, wákàtí mẹ́jọ péré ni wọ́n fún wọn, kí kálukú sọ̀kalẹ̀ lọ rìn kiri kó sì ti wọlé padà ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú kí ọkọ̀ tó ṣí, torí ọkọ̀ yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni o, ẹni tó bá pẹ́ á dúró sétí òkun máa wo ìdí ọkọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ báyìí lòjò dé. Wọ́n sá wọ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí wọ́n rí, wọ́n ra òòfà mẹ́fà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì, wọ́n ya òkun àti igi àgbọn sí i, ó wuyì. Ìgbà tí wọ́n délé tí wọ́n yí i sẹ́yìn ni wọ́n rí "Made in China".

Nígbà tí wọ́n wálé lóṣù keje, gbogbo wa la mọ bí oṣù keje ṣe ń rí ní Ifẹ̀, òjò àárọ̀ á pàdé tọ̀sán lọ́nà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa, mọ́tò tí wọ́n háyà láti Èkó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lòun ń lọ, èèyàn mẹ́tàdínlógún ló sì ń retí "kí lẹ mú bọ̀ fún wa" lọ́hùn-ún. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni wọ́n wọ̀lú, òjò ti ń rọ̀ láti aago méje. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Àbúrò, Nassau tún ti dé." Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ.

Àìmọye àlejò ni mo ti rí tí wọ́n á jókòó sínú mọ́tò tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á wá lọ ra ère ní ẹ́ápọ́ọ̀tù lówó gọbọi. Tèmi yàtọ̀. Ọjọ́ òjò gan-an ló dáa láti ra nǹkan ìrántí, torí omi ń tú àṣírí ọjà. Aṣọ tí aró rẹ̀ ò mú, ère tí wọ́n fi kíwì bàtà sọ di arúgbó, amọ̀ tí wọn ò sun jiná, lọ́jọ́ tí oòrùn bá ń ràn gbogbo wọn ló ń rẹwà, ẹ jẹ́ kí omi kàn wọ́n ná.

Ìkíní: ẹ ti ẹ̀yìn ka aago bọ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tẹ́ ẹ dé, ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Tí mọ́tò bá ń lọ ní aago mẹ́rin, ẹ fi sọ́kàn pé mẹ́ta ààbọ̀ ló ń lọ, bíi ti ọkọ̀ ojú omi yẹn. Ẹ yọ ààbọ̀ wákàtí fún dídì ẹrù, ẹ yọ òmíràn fún ojú ọ̀nà torí tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa Lágere á dí, owó kẹ̀kẹ́ Márúwá náà á sì fò sókè. Ọ̀kadà ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀, ọ̀nà ń yọ̀. Ohun tó kù fún yín ò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ, nítorí náà ẹ má gbìyànjú láti yí gbogbo Ifẹ̀ po, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn kẹ́ ẹ tún wọ inú yunifásítì kẹ́ ẹ tún ní ẹ fẹ́ lọ wo ọjà. Ẹnuwá ni kẹ́ ẹ fìdí kalẹ̀ sí, ìyẹn iwájú ààfin Ọọ̀ni, mùsíọ́ọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti iṣẹ́ ọnà ò sì jìnnà síbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lẹ máa fi rìn ín.

Èkejì: ohun tẹ́ ẹ máa mú dání

Owó bébà. Mo tún un sọ, owó bébà. Tí òjò bá ti ń rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì á ṣàárẹ̀, tránsífà yín á fi yín sílẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà, ẹ̀yin méjèèjì á wá máa wo ojú ara yín. Kó jẹ́ owó wẹ́wẹ́ o, torí ẹni tí ò tíì tajà láti àárọ̀ ò lè ní ṣéńjì.

Hánkáṣíìfù funfun kan, àtijọ́ ló dáa, òun ni adájọ́ yín. Làílọ́ọ̀nù tó nípọn bíi mẹ́fà méje. Bàtà tí omi ò lè bà jẹ́, sìlípáásì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ò dáa torí iwájú àwọn ìsọ̀ míì máa ń yọ̀ bí ilá. Àti òòfà kékeré kan. Àǹtí mi ti fẹ́ máa bínú sí òòfà fìríìjì wọn yẹn, ọ̀kan sì wà nínú báàgì wọn torí wọ́n fẹ́ fi hàn mí bí wọ́n ṣe rẹ́ wọn jẹ, mo ní ẹ má jù ú nù, òun la máa lò.

Ẹ̀kẹta: ẹ kọ́kọ́ wọ mùsíọ́ọ̀mù

Èyí ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ ṣe, wọ́n á ní ọjà ni wọ́n wá rà. Àmọ́ tí ojú yín ò bá tíì rí ojúlówó, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó fara jọ ọ́? Ìgbà tí òjò bá le jù ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, orí wà lábẹ́ òrùlé, wákàtí kan tó. Ẹ wo àwọn orí tí wọ́n fi idẹ àti bàbà ṣe dáadáa, bí ètè ṣe rí, bí ọrùn ṣe ní ìṣẹ́po, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó sọ̀kalẹ̀ lójú àwọn kan, ihò kéékèèké tó yí ẹnu àwọn míì ká. Ọdún 1938 ni wọ́n hú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orí wọ̀nyẹn ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, kò jìnnà sí ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́wọ́ tí ọkọ́ fi kan idẹ. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní London títí dòní. Kẹ́ ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò, ẹ bèèrè.

Ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì bèèrè nípa àwọn ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń yọ́ dígí láyé àtijọ́. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin: ìlẹ̀kẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ náwó sí

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni nǹkan kan ṣoṣo tó yẹ kéèyàn rà ní Ifẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ni màá sọ, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Àdìrẹ pọ̀ lọ́jà wa lóòótọ́ àmọ́ Abẹ́òkúta àti Òṣogbo ló lorúkọ aró, aṣọ òkè sì rèé Ìṣẹ́yìn ló ni í. Ìlẹ̀kẹ̀ ni tiwa. Ní Igbó Olókun, níbí ní Ifẹ̀, àwọn baba wa ń fọwọ́ ara wọn yọ́ dígí, wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn gbé e sí bí ọ̀rúndún 11 sí 15, ìyẹn ni pé wọ́n ti ń ṣe é kí òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sétí òkun wa. Àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀ gbà pé ìlú òkèèrè ni gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ dígí ti ń wá, ìwádìí lórí ohun tí wọ́n fi po dígí yẹn ló fi hàn pé ibí ni wọ́n ti pò ó. Ṣẹ̀gi aláwọ̀ búlúù yẹn, tí a fi ń kọrin ki ọba, ilé ẹ̀ nìyí.

Ẹ gbọ́ o, mi ò sọ pé èyí tẹ́ ẹ máa rà lónìí, Igbó Olókun ni wọ́n ti yọ́ ọ. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń pa yín lẹ́rìn-ín ni. Ẹyọ dígí tó wà lọ́jà, òmíràn wá láti Gánà, òmíràn láti Ṣáínà, ohun tó jẹ́ iṣẹ́ Ifẹ̀ níbẹ̀ ni sínsín, ìyẹn bí wọ́n ṣe to àwọ̀ mọ́ àwọ̀, bí wọ́n ṣe sìn ín sí okùn. Nítorí náà ẹ ra èyí tí ẹni tó ń tà á ń sin lójú yín. Ọjọ́ òjò sì ni wọ́n máa ń sin ín jù, kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe, oníbàárà ò sí, wọ́n á kàn fa àga sẹ́yìn, wọ́n á da ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwo, ó di wẹ́rẹ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ẹyọ kan mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, dígí á tutù nini, rọ́bà kì í tutù bẹ́ẹ̀. Ẹ ju méjì lu ara wọn ní àtẹ́lẹwọ́, dígí á dún ṣiniṣini, rọ́bà á dún pàkàpàkà bí ìkarahun ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí òjò kán sí hánkáṣíìfù yín, ẹ fi nu ìlẹ̀kẹ̀ yẹn dáadáa. Tí hánkáṣíìfù bá pupa tàbí tó bá di búlúù, àwọ̀ ni wọ́n kùn ún, ẹ̀bùn yín á pa aṣọ onítọ̀hún láró lọ́jọ́ àríyá. Ẹ fa okùn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Òwú lásán á jẹrà tó bá mu omi àti òógùn, ẹ ní kí wọ́n bá yín fi okùn rọ́bà tó lágbára tún un sìn, kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ fún ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà. Funfun gbòò, ti Ọbàtálá ni. Pupa àti funfun, ti Ṣàngó. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọ̀ tó fẹ́ pọ́n, tí babaláwo ń so mọ́ ọwọ́ òsì, ìdè Ifá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa lù yín tẹ́ ẹ bá rà á fi ṣe ẹ̀ṣọ́, àmọ́ ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹlòmíì, kí ẹ má lọ so ìdè mọ́ ọwọ́ pásítọ̀ láìmọ̀. Àǹtí mi fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ o! Pásítọ̀ wọn ní Houston ni wọ́n ń rà á fún.

Ẹ̀karùn-ún: ère, àti ọ̀rọ̀ òfin

Tí wọ́n bá ní idẹ ni, ẹ yọ òòfà. Idẹ ò gba òòfà rárá. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn gbàgà, irin ni wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà. Àmọ́ ẹ má yọ̀ jù tí kò bá lẹ̀, torí alumíníọ̀mù náà kì í gbà á, ẹ gbé e lọ́wọ́ wò, idẹ á wúwo, alumíníọ̀mù á fúyẹ́ bí ìdérí ìkòkò. A yẹ ère mẹ́rin wò lọ́jọ́ yẹn, òòfà Nassau di méjì mú. Ọkùnrin tó ń tà á ò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo àwòrán igi àgbọn yẹn lára ère.

Ère amọ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣe bí Orí Olókun, omi ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè níbi tí wọn ò kùn, ẹ kán omi díẹ̀ sí i, ẹ fi ìka pa á. Tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ìka bí ẹrẹ̀, wọn ò sun ún, kò ní dé Ìbàdàn kó tó fọ́.

Igi ńkọ́? Hánkáṣíìfù lẹ́ẹ̀kan sí i. Dúdú tó bá kúrò lára rẹ̀ tó ń rùn bíi kíwì, ẹ mọ̀ pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ, bí wọ́n tilẹ̀ ní bàbá bàbá àwọn ló ni í. Kò burú láti ra ère tuntun, iye arúgbó ni kẹ́ ẹ má san. Igi tútù ló burú, tó bá wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀, tó bá dé ilé tí wọ́n ti ń tan híítà nígbà òtútù á là sí méjì. Ẹ wo ihò wínníwínní pẹ̀lú, tí ìyẹ̀fun bá ń jáde níbẹ̀ kòkòrò ṣì ń jẹun lọ́wọ́.

Ìlù gángan, ọjọ́ òjò ò dáa fún un, awọ á ti rọ̀, ohùn ẹ̀ á dà bíi ti ẹni tó ní ọ̀fìnkìn. Ẹ ní kí wọ́n yá a níná kẹ́ ẹ tó ṣèdájọ́.

Ibi tó ṣe pàtàkì rèé. Tẹ́nì kan bá fà yín sí ẹ̀gbẹ́ kan pé òun ní nǹkan àtijọ́, pé òjò ló hú u jáde lẹ́yìnkùlé àwọn, ẹ máa lọ jẹ́jẹ́ yín. Òjò ń fọ ilẹ̀ Ifẹ̀ lóòótọ́, àpáàdì àtijọ́ ń yọ, àmọ́ láti ọdún 1979 ni òfin tó fìdí àjọ NCMM múlẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù, ti sọ pé láìgba ìwé àṣẹ wọn ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀m̀báyé jáde ní Nàìjíríà. Tó bá jẹ́ ayédèrú, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Tó bá jẹ́ ojúlówó, olè lẹ bá rà. Ọ̀nà méjèèjì ò dáa. Kódà ère tuntun tẹ́ ẹ bá rà, ẹ gba rísíìtì tí wọ́n kọ "iṣẹ́ ọwọ́ tuntun" sí pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó tà á, torí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní ẹ́ápọ́ọ̀tù lè bèèrè ìwé NCMM lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè ní mùsíọ́ọ̀mù yẹn kan náà bẹ́ ẹ ṣe máa gbà á tó bá jẹ́ nǹkan ńlá lẹ rà.

Ẹ̀kẹfà: aṣọ

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àdìrẹ dandan, ẹ yí i sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ojú kan á mọ́, ẹ̀yìn á ṣì. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí kò ní dọ́gba délẹ̀, ẹ máa rí ibi tí ọwọ́ ìyá tó ń ya á ti gbọ̀n díẹ̀. Ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ̀lú ní òórùn tiẹ̀. Hánkáṣíìfù tútù á gba búlúù díẹ̀ lára ẹ̀lú gidi, ìyẹn ò burú, tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń ṣàn ni kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀.

Èkeje: bẹ́ ẹ ṣe máa ná an

Ẹ kí èèyàn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọjà. "Ẹ kú òjò o, ẹ kú ìjókòó, àtàjèrè o." Àlejò tó bá kàn na ìka pé "èló nìyí," iye àlejò ló máa gbọ́. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó. Ọjọ́ òjò nìkan ni wọ́n máa fún yín níjòókòó, torí kò síbi tẹ́yin méjèèjì ń lọ. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nípa àwọn Ìjẹ̀ṣà aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ láwìn láyé ọjọ́un, òṣómàáló, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó, ó dáa, ẹ̀yin oníbàárà ni kẹ́ ẹ lóṣòó lónìí.

Tí wọ́n bá pe iye kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí ìdajì, ẹ má fi ṣe èébú, ẹ fi rẹ́rìn-ín. Ẹ kó ọjà jọ, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo dáa ju kẹ́ ẹ máa rà á lọ́kọ̀ọ̀kan kiri inú òjò. Nígbà tí owó bá dúró pátápátá, tí kò sún mọ́, ẹ yí i sí èènì. Àmọ́ ẹ má ná ọjà ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ kọjá ààlà, mo kórìíra àwọn tó ń gba dọ́là tí wọ́n ń bá ìyá àgbà jà torí igba náírà.

Ìyá onílẹ̀kẹ̀ tí a rà lọ́wọ́ rẹ̀ fún wa ní èènì ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ méjì, ó wá na ọwọ́ sí òòfà tó wà lọ́wọ́ Àǹtí mi, ó ní, "Èyí ńkọ́, ṣé ẹ ò ní fún èmi náà ní èènì?" Wọ́n fún un. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin àbùradà rẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìkẹjọ: dídì, àti ojú ọ̀nà

Kálukú nínú làílọ́ọ̀nù tiẹ̀, pàápàá àdìrẹ. Èmi ni mo di àpótí, mo to àdìrẹ tó ti fara gba òjò lé fìlà funfun tí Àǹtí mi rà fún ọkọ wọn, mo ní kò sí nǹkan. Ó ti di fìlà ẹlẹ́lùú kí wọ́n tó dé Èkó. Ẹ kó ère sí àárín aṣọ yín, ẹ má kó o sí ìdí àpótí. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ yọ igi àti awọ síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ má sá a sóòrùn o, yóò là.

Tó bá jẹ́ ọ̀nà Ìbàdàn lẹ ń gbà lọ, ọjà ò tíì tán. Ẹ ṣẹ́ owó tí wọ́n fi máa ra dòdò Ìkirè sọ́tọ̀, Ìkirè wà lójú ọ̀nà yẹn gan-an, ẹ ò sì ní láti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, àwọn tó ń tà á á sáré wá bá yín nínú òjò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú ata àti iyọ̀, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ó dúdú, ó pọ́n, kò fi bẹ́ẹ̀ jọ dòdò ilé. Ẹ fọwọ́ kan èyí tó wà nísàlẹ̀ kí ẹ rí i pé òjò ò tíì wọ inú ẹ̀. Ẹ ra méjì, torí ọ̀kan ò ní dé Èkó.